Ọmọ tí a pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn 🧵

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀, òkun ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Nígbàkigbà tí fídíò tọkọtaya òyìnbó kan bá ń lọ káàkiri, tí wọ́n pàgọ́ sínú igbó, tí ọmọ oṣù mẹ́fà sì ń ta ẹsẹ̀ lórí ẹní, mo ti mọ ohun tí mo máa bá nísàlẹ̀ rẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí ò níṣẹ́ ṣe." "Yorùbá wo ló máa gbé ọmọ jòjòló lọ sun inú igbó?" "Ìyá mi máa pa mí." 😂

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, òótọ́ ni. Ìyá tèmi náà máa pa mí. Àmọ́ ìbéèrè àárín yẹn ní ìdáhùn. Yorùbá tó gbé ọmọ jòjòló sun inú igbó pọ̀ débi pé díẹ̀ nínú àwọn ìlú tí ẹ ń gbé lónìí, àwọn ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ọ̀pọ̀ wọn ò kàn lọ fún ìgbádùn ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "àgọ́" fúnra rẹ̀. Àgọ́-Ìwòyè. Àgọ́-Àrẹ. Ọ̀yọ́ tó wà lónìí gan-an, àwọn àgbà ṣì ń pè é ní Àgọ́-d'Ọ̀yọ́: àgọ́ tó di Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà kó ìjọba wá síbẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840. Ìbàdàn ńkọ́? Ibùdó ogun ni àwọn jagunjagun sọ ọ́ dà ní nǹkan bí 1829, wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́ níbẹ̀. Wọn ò tíì lọ di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ogun ló fà á. Ọ̀yọ́-Ilé ń wó lọ, Òwu fọ́, àwọn abúlé Ẹ̀gbá jóná, gbogbo ayé ń sá sí gúúsù. Ẹ̀gbá tó tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé ìdí Olúmọ ní nǹkan bí 1830, abẹ́ òkúta yẹn ni wọ́n sì kọ́kọ́ forí pamọ́ sí. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ á ti rí àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n ní wọ́n ń lọ nǹkan nínú rẹ̀ lára àpáta. Àwa ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀ rí tó ń wá ohun tí ọmọ máa jẹ.

Ẹ̀rí wo la ní nípa àwọn ọmọ ọwọ́ inú ìrìn yẹn? Ọ̀kan wà tí mi ò lè kà kí n má dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn ní agbègbè Ìsẹ́yìn, tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọdún 1821 ni ogun wọ ìlú wọn, ọmọdékùnrin ni. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó sọ bí àwọn ìyá ṣe sá: ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn, ẹrù lórí, ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, àní mẹ́fà pàápàá dì mọ́ wọn lápá, wọ́n ń sáré gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Igbó á fa ẹrù orí. Bí ìyá bá ti dúró pé kóun tú u kúrò, okùn ti bọ́ sí i lọ́rùn.

Ìyá Àjàyí wà nínú wọn, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó jẹ́ bí ọmọ oṣù mẹ́wàá. Wọ́n fi okùn ọrùn kó wọn dé Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn bí ẹni pín ẹran. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní 1822, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Òun àti ìyá rẹ̀ padà fojú kanra ní Abẹ́òkúta, 21 August 1846. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú igbó ẹlẹ́gùn-ún yẹn. Gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, ẹrù orí ló há. Ọmọ tó wà lẹ́yìn kò há. Ìyá lè sáré, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sófo fún àwọn ọmọ yòókù, ìkókó sì wà níbi tó wà. Ọ̀já ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ má fojú aṣọ lásán wo ọ̀já o, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ìyá á bẹ̀rẹ̀, á gbé ọmọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọmọ á yà sọ́tùn-ún sósì mọ́ ọn níbàdí. Aṣọ ìpọnmọ á bò ó láti abẹ́ abíyá dé orúnkún, ìyá á fún un mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀já á wá gba abẹ́ ìdí ọmọ kọjá, á di síwájú. Aṣọ ń dì í mọ́ra, ọ̀já ló ń gbé e dúró. Bí ìyá bá kọsẹ̀, ó lọ́wọ́ tó máa fi gbara dúró. Bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe yà yẹn, ohun tí àwọn dókítà egungun ń gba àwọn ìyá nímọ̀ràn rẹ̀ báyìí nìyẹn torí ìbàdí ọmọ. Ìyá àgbà yín ò gba sátífíkéètì kankan kó tó mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ń ni àwọn arìnrìn-àjò lára jù kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ó ti wúwo ju ọ̀já lọ, kò sì lè rin ọ̀nà oko dópin. (Ẹni tó bá ti mú ọmọ ọdún mẹ́ta lọ sí Ọjà Bódìjà ń mi orí báyìí.) Ẹ wá rí i pé ẹ̀yìn kan, ọmọ kan ni: láyé ìgbà yẹn, àwọn àgbà ò fẹ́ kí ìyá tún lóyún nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú, ọmọ sì lè mu ọmú tó ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Oríṣiríṣi àlàyé ni wọ́n ń ṣe fún un. Èmi gbà pé ọ̀nà jíjìn wà lára rẹ̀. Obìnrin tó ní ìkókó méjì ò lè sá.

Nígbà tí ogun rọlẹ̀, ìrìn ò dáwọ́ dúró. Obìnrin tó ń ṣòwò àjàpá ń ra ọjà ní ìlú kan, ó ń lọ tà á ní òmíràn, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ará oko náà ń bẹ. Oko etílé, ẹ lè lọ kẹ́ ẹ bọ̀ lójúmọ́. Oko ẹgàn, ẹ máa sùn síbẹ̀ ni: ahéré, iná lójú ẹnu ọ̀nà, ọmọ lórí ẹní, oṣù méjì mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tún rí ìlú. Ọ̀pọ̀ abà kòkó bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ẹ pè é ní camping tàbí ẹ má pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ wọ́n.

Ó sì wà nínú orúkọ. Abíọ́nà: ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà. Ẹ rò ó wò. Ó ṣẹlẹ̀ tó láti di orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Obìnrin kan ń bọ̀ láti oko tàbí ọjà, inú mú un, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn tó ń kọjá di agbẹ̀bí. Ọmọ yẹn bọ́ sáyé, ó sì bọ́ sẹ́yìn, nítorí ilé ṣì wà níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, lọ ṣiṣẹ́ ní Tógò pẹ̀lú Peace Corps. Ó rí àwọn ìyá níbẹ̀ tí wọ́n ń pọn ọmọ, ó rí i bí ara àwọn ọmọ náà ṣe balẹ̀. Nígbà tó padà sí Colorado tó sì bí tiẹ̀, ó fẹ́ pọ̀n ọ́n, aṣọ ń yọ̀ lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Lucy Aukerman, bá a rán àpò kan tó ní okùn èjìká. Wọ́n pè é ní Snugli, wọ́n gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1969. Yorùbá wà ní Tógò o, ẹ béèrè ní Atakpamé, àmọ́ mi ò sọ pé Yorùbá ló rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé àpò ìpọnmọ tí tọkọtaya inú fídíò yẹn gbé kọ́rùn gun òkè, ìdílé rẹ̀ ò jìnnà sí tiwa.

Ọdún 1969 kan náà, ní November, ẹ wo ohun tó ń lọ lọ́dọ̀ àwọn tiwa. Ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ lọ́jọ́ kejìdínlógún pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú wá ìwé tàbí kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú: ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Òfà, Ṣakí, Ìlọrin. Wọ́n ti ń tajà ní Kumasi, Accra àti Tamale láti ìran dé ìran. Wọ́n bí ọmọ síbẹ̀ tó ń gbọ́ Twi, tí kò rí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ rí.

Láti Accra dé Èkó ò tó 500 kìlómítà. Ẹ ka bodè tó wà níbẹ̀: Gánà sí Tógò, Tógò sí Dahomey, Dahomey sí Nàìjíríà. Ẹrù, èrò, lọ́rì, ọmọ. Ilé tí wọ́n ń bọ̀ wá gan-an ṣì wà lẹ́nu ogun abẹ́lé nígbà yẹn. (Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, a sì sọ báàgì wọn ní "Ghana Must Go", à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Ó yẹ ká tijú díẹ̀.) Bí ẹ bá ní ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní Màmá Gánà ládùúgbò, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ wọn jẹ lójú ọ̀nà.

Lọ́rì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀já ti yí padà. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, lẹ́yìn náà ni mọ́tò dé, bọ́lẹ̀kájà dé, páńkó lápá ọ̀tún, páńkó lápá òsì. Ìyá wọlé, ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn torí kò lè jókòó tì í, ó gbé e lé itan. Ohun tí ọ̀já ń ṣe látọdúnmọ́dún, itan àti apá ló gbà á ṣe.

Ọ̀já, ẹsẹ̀ la dá a fún. Èèyàn tó ń rìn ń lọ bíi 5 kìlómítà ní wákàtí kan. Mọ́tò tó ń sá 50, bó bá kọ lu nǹkan lójijì, bí ìgbà tí ọmọ já láti ibi tó ga tó mítà 10 ni, bí òrùlé ilé alájà mẹ́ta. Kò sí apá ìyá tó lè dì í mú níbẹ̀, bó ti wù kó nífẹ̀ẹ́ ọmọ tó. Àwọn tó ní "wọ́n gbé èmi náà lé itan, mi ò sì kú", ẹ ṣeun, ẹ ń sọ̀rọ̀ torí pé ẹ ò kú.

Àwọn òyìnbó náà ò tètè mọ̀ o. Tennessee ló kọ́kọ́ fi òfin de ọmọ tí kò sí nínú àga ọmọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni. Àwa náà dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ẹ dúró sí ìkóríta èyíkéyìí láago méje àárọ̀: ìyá pọn ọmọ lórí ọ̀kadà, orí ọmọ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọlọ́kadà nìkan ló dé akoto, bó bá tiẹ̀ dé e.

Mi ò dá ìyá yẹn lẹ́bi. Ohun tó gbé Ẹ̀gbá dé Olúmọ ló fi pọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, tẹ́ ẹ sì ń pọ́n ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn fún ọdún Iléyá àti Kérésì, ẹ̀yin ni mo bá wí. Tọ́kunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ àga ọmọ tó wà lọ́jà. Ó bá a mu, torí Tọ́kunbọ̀ náà, orúkọ ọmọ tó rìnnà jíjìn ni. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí i dojúdé: wọ́n máa ń tẹ ọjọ́ tó máa dópin lílò sára ike. Ẹ wò ó bóyá ike ti sán, ẹ fa bẹ́líìtì rẹ̀ dáadáa. Èyí tó ti wà nínú jàǹbá rí ò wúlò mọ́, kódà bó dán bíi góòlù. Ọmọ jòjòló, ẹ jẹ́ kó kọ ojú sẹ́yìn mọ́tò.

Ó tán lọ́wọ́ mi. Bí Abíọ́nà bá wà nínú yín, tàbí nínú ẹbí yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ọ̀nà wo gan-an ni, láti ibo sí ibo, ta ló gbẹ̀bí. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mò ń kó wọn jọ. 👇🏾