Ilé Ọtí Tó Di Mbárí Mbáyọ̀

Èmi ni wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà. Bí ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà bá ti fẹ́ wáyé níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, àwọn mìíràn ló ń gbé àwòrán kọ́ ara ògiri. Èmi ni mo ń wá onílù, èmi ni mo ń bẹ ayàwòrán pé kó wá bá àwọn àlejò tàkúrọ̀sọ lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà ni mo ń ra ọ̀dà àti bébà fún àwọn ọmọ iléèwé tó ń bọ̀ wá yàwòrán tiwọn. Àwọn kan gbà pé gbogbo èyí kàn wà fún àtipe èrò ni, pé àwòrán gan-an ni iṣẹ́. Ọmọ Òṣogbo ni mí, mi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1961, Dúró Ládiípọ̀, tíṣà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Áńgílíkà, ṣe orin Àjíǹde kan fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo. Ó kó ìlù Yorùbá sínú rẹ̀. Inú bí àwọn kan nínú ìjọ, wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Olúwa. Bí orin ṣe di aláìnílé nìyẹn. Ládiípọ̀ gbé e lọ sáwọn iléèwé, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé Ìbàdàn, níbi tí Ulli Beier, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní yunifásítì, pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àtàwọn mìíràn ti dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ní Mbari, àwòrán wà lára ògiri, eré ń lọ lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ládiípọ̀ ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo. Ó sọ ilé ọtí náà di ibi àwòrán àti eré, wọ́n pè é ní Mbari bíi ti Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta ọdún 1962. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ilé alámọ̀ tí wọ́n ń kó ère sí láti fi bọ Àlà, òrìṣà ilẹ̀. Àwọn ará Òṣogbo kò mọ èyí, etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ: m̀bá rí i, m̀bá yọ̀. Orúkọ náà mọ́ ibẹ̀ lórí, ó di Mbárí Mbáyọ̀. Mo fẹ́ràn èyí ju ohunkóhun lọ nínú ìtàn náà. Àwọn tó wá wòran ló sọ ilé náà lórúkọ.

Eré ni wọ́n fi ṣílé. Ọba Mọ̀rọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ìtàn Aláàfin Abípa tó fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ padà láti Ìgbòho lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ kúrò nídìí oko àti ilé wọn, ni wọ́n bá rán abuké, arọ àti àfín lọ sórí òkè lóru, kí wọ́n máa gbé iná kiri, kí wọ́n máa ké bí iwin. Ọba rán àwọn ọdẹ lọ, ọdẹ sì kó gbogbo wọn wálé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin. Ta ló máa gbọ́ irú ìtàn yìí lójú títì tí kò ní yà wò ó?

Nígbà tí ilé náà pé ọdún kan, lọ́dún 1963, Ọba Kòso ni wọ́n ṣe. Ọmọ ọdún méje ni màmá mi. Èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló jókòó sí láti wo Ládiípọ̀ tó di Ṣàngó, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Màmá mi bo ojú mọ́ orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, títí dòní ló ṣì ń sọ bí àdí orí yẹn ṣe ń rùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ́ lọ síbẹ̀ lóun nìkan, ó fẹ́ wò bóyá iná náà ti jó ògiri. Ògiri wà bó ṣe wà. Àwòrán ló bá níbẹ̀, ó sì dúró wò ó títí ìyá rẹ̀ fi rán èèyàn wá a.

Irú ẹsẹ̀ tó gbé màmá mi débẹ̀ yìí náà ló gbé àwọn tó wá di ayàwòrán ńlá débẹ̀. Denis Williams, ọmọ Guyana, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1962 àti 1963. Georgina Beier ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1964. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí pé èèyàn gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá. Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé, òṣèré Ládiípọ̀ ni wọ́n. Mùráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, òṣèré àti onílù. Jimoh Buraimoh ló ń tọ́jú iná mànàmáná fún eré. Òun ló wá ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, tó ń lẹ ẹ́ ní ìlà ní ìlà bí ẹni tó ń ṣe adé ọba.

Twins Seven Seven ńkọ́? Ó ní ìyá òun bí ìbejì nígbà méje, òun nìkan ló yè, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ó ń bá olóògùn kan kiri, ó ń jó kí èrò lè pé jọ. Ijó náà ló gbé e dé Mbárí Mbáyọ̀ lọ́dún 1964. Aṣọ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n ní kó dúró, ó di òṣèré. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó fọwọ́ kan kálàmù, àwọn iwin àti ẹranko olórí púpọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ká ní ilẹ̀kùn àwòrán wà lọ́tọ̀, tí ilẹ̀kùn ijó wà lọ́tọ̀, àwòrán wo là bá rí lọ́wọ́ rẹ̀? Lọ́dún 1964 kan náà, Ọba Kòso dé Berlin.

Mo ń ro èyí lọ́jọ́ tí màmá mi wá wo ìpàtẹ kan ní Èkó. Kò mú káàdì ìpè dání, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò sì jẹ́ kó wọlé. Ìró àti bùbá àdìrẹ ló wọ̀, àpò ọ̀rá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbọ́, tí mo sáré jáde, ó ti jókòó sábẹ́ igi, ó ń bá onílù tí mo háyà sọ̀rọ̀, tí ìyẹn náà ń retí kí wọ́n pe òun. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó ní òun ò wá jà, òun wà pẹ̀lú èèyàn òun. Onílù fi gángan kì í. Màmá mi dìde, ó rọra jó. Àwọn èèyàn bíi mẹ́fà gbé ife ọwọ́ wọn jáde wá, wọ́n dúró ń wò ó, wọn ò mọ̀ pé òun ni wọ́n dá padà.

Nígbà tó jó tán, ó nu ojú, ó mú ọwọ́ mi, a jọ wọlé. Iwájú àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ kan ló dúró sí. Ó na ìka sí i láìfọwọ́ kàn án, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ lókọ̀ọ̀kan.

“Àbẹ̀kẹ́,” ó ní, “ta ló ní irú sùúrù báyìí?”