Owó Ìpamọ́ àti Ìrànwọ́ Ìjọba

Ní 1931, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba pàṣẹ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó ìbánigbófò rẹ̀ sì ti tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n wá ka ohun ìní rẹ̀ kí ó tó rí ìrànwọ́ gbà: owó ìpamọ́, owó iṣẹ́ ọmọ, àní àga inú ilé.

Ta ni òfin yìí fìyà jẹ? Kì í ṣe àpà. Àpà ti ná tirẹ̀ tán. Ẹni tó ń ṣẹ́ ṣílè jọ de ọjọ́ alẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán. Lójú àwa tí èsúsú tọ́ dàgbà, ìyẹn ṣòro í gbọ́. Lóòótọ́, kò yẹ kí owó orí alágbàṣe máa bọ́ ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n owó kékeré kì í ṣe ọrọ̀.

Ní 1941 ni wọ́n fòpin sí àyẹ̀wò agboolé náà. Kíka owó ìpamọ́ kò tán síbẹ̀: lábẹ́ Universal Credit, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ẹni tó ní ju £16,000 lọ kò ní gba kọ́bọ̀. Láti 2006 ni wọ́n ti ń lo iye yẹn fún irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjà kò sì dúró dè é.