Sẹ̀gilọlá ti ń sọ ìtàn ara ẹ̀ láti 1929

Látìgbà tí mo ti padà sí yunifásítì láti ṣe master's, mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa ara mi: owó ilé, ìwé tí kò yé mi, ọkùnrin tó ní òun máa pè tí kò pè. Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni, pé Yorùbá kì í tú ara ẹ̀ síta. Ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Ìwé ìròyìn kan wà l'Ékòó nígbà yẹn, Akéde Èkó. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń jáde. Isaac Babalọlá Thomas ló ni ín, òun náà ni olóòtú. Ní July 1929, lẹ́tà obìnrin kan jáde níbẹ̀. Ó ní òun ti dàgbà, àìsàn ti dá òun wó, òun sì fẹ́ sọ bí òun ṣe lo ayé òun káwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi kọ́gbọ́n. Orúkọ tó pe ara ẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé.

Ẹgbẹ̀rún o!

Kò sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà kan jáde, òmíràn tẹ̀lé e, títí wọ 1930. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń fi orin tí ará Èkó mọ̀ sí i. Ìtàn á dúró, àwọn èèyàn á máa retí èyí tó kàn. Ẹ sọ òótọ́, kí ló fi yàtọ̀ sí thread?

Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà padà, wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Àwọn kan gbà pé èèyàn gidi ni.

Àmọ́ kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kankan. Thomas ló ń kọ gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin! Ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé ní 1930. Karin Barber, tó túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, pè é ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tó jáde.

Mo fẹ́ràn ìwé yẹn gan-an, Yorùbá ẹ̀ dùn bí oyin. Ó tún ń bí mi nínú. Obìnrin tó ń sọ "èmi" nínú ìwé ìtàn àròsọ wa àkọ́kọ́, ẹnu ọkùnrin ló fi sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbádùn tó sì jẹ, àìsàn àti omijé ló fi san án. Torí ó ń ronú pìwà dà ni Èkó ṣe ṣàánú ẹ̀. Ká ní ó kọ̀wé pé òun ń jayé òun lọ, ara òun sì le, ṣé wọ́n á bá a kẹ́dùn? Kò dá mi lójú rárá.

Ẹ wá wo Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san n'Íbàdàn. Òun kọ ti ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ èyí tó pọ̀ jù, fún ọ̀pọ̀ ọdún: gbèsè, àìrówóná, wàhálà ẹbí. Ẹnikẹ́ni ò ní kó sunkún ká tó gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́. Àwọn ìwé náà wà ní Kenneth Dike Library ní UI títí dòní.

Ta ló tọ́jú ti àwọn obìnrin? Ìyẹn ni mò ń wá báyìí. Tí ìyá àgbà yín bá fi ìwé kankan sílẹ̀, ì báà jẹ́ lẹ́tà, ì báà jẹ́ ìwé gbèsè ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ sí mi.