Àjọṣe Àdúgbò àti Ìgbé Ayé Àwọn Àgbàlagbà ní Kòṣọ̀fẹ́

Àjọṣe àdúgbò ni ìbáṣepọ̀ àwọn tó ń gbé ojúlé tàbí òpópónà kan náà, yálà wọ́n bára tan tàbí wọn kò bára tan. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́ ní Èkó, níbi tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka èèyàn 665,393, ọ̀pọ̀ arúgbó Kétu, Ìkòsì àti Mile 12 ló jẹ́ pé òwò tàbí iṣẹ́ ló gbé wọn dé. Agbo ilé wọn jìnnà, aráalé ló wá di ẹbí.

Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe lórí ọjọ́ ogbó ló fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn ẹni ọdún 65 sókè tó lé ní 2,000 lẹ́nu wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ nílẹ̀ Yorùbá, Èkó wà lára wọn. Àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2008 fi hàn pé bí a bá fẹ́ mọ arúgbó tí ayé rẹ̀ tù ú lára, ká wo ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, ká sì wo bó ṣe ń kópa nínú ohun tí ẹbí àti àdúgbò ń ṣe. Wọ́n tún rí i pé bí ibùgbé bá ṣe ń di ìlú ńlá sí ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń pọ̀ sí i láàárín àwọn àgbà.

Kíkópa yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Arúgbó tí wọ́n kàn ń gbé oúnjẹ fún nínú yàrá kò rí ohun tí ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè láti wá parí ìjà rí. Ní Kòṣọ̀fẹ́, ìpàdé àdúgbò, àsàlátù ọjọ́ Sunday, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, àjọ dídá àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní Mile 12 ló ń fún àgbà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Nínú ilé oníyàrá kọjú-sí-yàrá, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí màmá kò ṣílẹ̀kùn, ẹnìkan á kàn án.

Ṣùgbọ́n ìpàdé onílé ni ìpàdé àdúgbò lọ́pọ̀ ibi, nítorí náà àgbà ayálégbé kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu níbẹ̀. Bí owó ilé bá lé e kúrò, ó di àlejò níbòmíì lọ́jọ́ ogbó. Àkúnya omi pẹ̀lú máa ń tú àwọn èèyàn ká: ní 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán mú kí Odò Ògùn kún dé àwọn àdúgbò ẹ̀yìn Mile 12, tí ọ̀pọ̀ fi sá kúrò nílé.