Èèkù Idà: Ohun tí Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ìtàn Oyè fi Kún Ìtumọ̀ Òwe

Ìfáárà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ òwe tí ó sọ pé, "Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni", ó rọrùn fún un láti dáhùn pé sùúrù ni òwe náà ń kọ́ni. Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Àṣẹ ni òwe náà dá lé lórí. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí èèkù jẹ́ kò lè rí ìdí òwe náà.

Iṣẹ́ ẹni méjì

Èèkù ni ibi tí a ti ń di ọ̀bẹ tàbí idà mú. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ irin. A sì máa fi ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Wọn a fi iná sun ìrù yìí títí yóò fi pọ́n, wọn a wá tì í bọ inú igi, kí ó fúnra rẹ̀ jó ihò tí yóò gbà á. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó ni ọnà ara igi. Abájọ tí àwọn àgbà fi ń wí pé bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Èèkù ọ̀bẹ iṣẹ́ kì í ní ọnà púpọ̀. A máa ń dán, a sì máa ń tóbi díẹ̀ ní ìparí kí ó má baà yọ́ bọ́ nígbà tí ọwọ́ bá làágùn. Ọnà tí ó bá jinlẹ̀ yóò bó àtẹ́lẹwọ́. Nítorí náà, bí ọnà bá ti ń pọ̀ sí i lára èèkù, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò náà ń kúrò ní ti iṣẹ́, tí ó ń di ti oyè.

Ẹ̀rí láti Ọ̀wọ̀

Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń pe ilé ní "ulé", tí wọ́n sì ń pe idà ní "udà", idà oyè kan wà tí à ń pè ní udamalóore. Àwọn olóyè ńlá ni ó ń fi í há ẹ̀gbẹ́ òsì nígbà tí wọ́n bá wọ aṣọ orúfanran. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn tí ó lókìkí jù, àtojú àtèèkù, pẹ̀lú ọnà olówó iyebíye. Irú idà bẹ́ẹ̀ kò lè gé nǹkan. Àṣẹ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí láti Ọ̀yọ́

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣe àlàyé bí a ti ń fi Aláàfin jẹ. Ó ní a máa ń fi idà Ọ̀rànyàn lé e lọ́wọ́, àti pé láìṣe èyí, kò ní àṣẹ láti ní kí a pa ẹnikẹ́ni. A kò sọ pé láti inú ètò yìí ni òwe wa ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí a ń sọ ni pé èrò kan náà ni àwọn méjèèjì gbé kalẹ̀: kí ọwọ́ tó tẹ èèkù, ẹ̀sùn ikú kò sí lẹ́nu ẹni. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò dárúkọ ojú idà. Ẹni tí ó bá di ojú idà mú, òun ni idà yóò gé.

Àgbálọgbábọ̀

Àdá ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti wá pẹ̀lú èèkù lára rẹ̀ láti ọjà, nítorí náà ọmọ lè dàgbà láìrí ẹni tí ó ń fi irin bọ igi. Bí a kò bá ṣọ́ra, ọ̀rọ̀ náà yóò kù sínú òwe nìkan, òwe náà yóò sì di àkọ́sórí. Olùkọ́ tí agbẹ̀dẹ wà nítòsí rẹ̀, kí ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní ti àwọn olùdánwò, ó yẹ kí máàkì wà fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ ohun tí èèkù jẹ́, kí ó tó sọ ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́.