Ẹ̀dà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pè Ní Ẹ̀dà: Ìpàdánù àti Ìdápadà Ìwé Ìtàn Samuel Johnson

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, fẹ́ pa dátà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kejì, ṣùgbọ́n orí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni àṣẹ náà bọ́ sí. Kí ó tó dá a dúró, nǹkan bíi gígábáìtì 300 ti lọ. Wọ́n sáré wá ẹ̀dà tó yẹ kí ètò máa ṣe lójoojúmọ́. Òfìfo ni wọ́n bá. Ètò náà ti ń kùnà láìsí ẹni tó mọ̀, nítorí ímeèlì tó yẹ kí ó ta wọ́n lólobó kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tó gbà wọ́n ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, kí ó lè fi dán iṣẹ́ mìíràn wò. Kì í ṣe nítorí ìpàdánù ni ó fi ṣe é. Ohun tó wọ inú àkójọ dátà náà láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn kò padà mọ́.

Irú ọ̀ràn yìí kan náà ló bí The History of the Yorubas tí gbogbo wa ń kà. Ní 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ sí i ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún. Ní 1899, ìwé àfọwọ́kọ náà lọ sọ́dọ̀ akéde kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀dọ̀ akéde náà ní 1900, èsì tó gbà ni pé wọ́n ti ṣì í gbé, wọn kò rí i, àti pé wọ́n ṣe tán láti san owó rẹ̀. Èló ni wọn ìbá san fún ogún ọdún? Obadiah kò fi ìfura rẹ̀ pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí òun náà kọ. Samuel kú ní 1901.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ àti àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí kò tíì gún régé. Kì í ṣe nítorí àdánù ni Samuel fi kó wọn jọ. Iṣẹ́ ló ń bá ṣe. Inú wọn ni Obadiah ti tún gbogbo ìtàn náà kọ. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwa olùwádìí. Ní GitLab, wọ́n mọ wákàtí tí àlàfo bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí. Nínú ìwé Johnson, kò sí àmì kankan. Ojú ewé àkọlé pe Samuel ní òǹkọ̀wé, ó pe Obadiah ní olóòtú, ṣùgbọ́n ẹni tó tún gbogbo ìwé kọ ju olóòtú lọ. Bí a bá wá kọ ọ́ pé "Johnson sọ pé" lórí ọ̀ràn ogun tàbí oyè kan, a kò lè ti inú ìwé títẹ̀ nìkan mọ èwo nínú wọn ló ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi dá wa lójú pé 1897 ni wọ́n sọ ọ́.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1916, ìwé tí Obadiah tún kọ wọ ọkọ̀ ojú omi Appam lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Möwe, ọkọ̀ ogun Jámánì, mú Appam lójú òkun, ó sì di Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Nígbà náà, ogun ti sọ bébà di ọ̀wọ́n, wọ́n sì pinnu láti dúró dìgbà tí ogun bá parí. Obadiah ní kí wọ́n dá ìwé náà padà fún òun, ó sì ṣètò pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ táípì tẹ̀ ẹ́, kí ó má baà tún sọnù. Lẹ́yìn ìpàdánù kan àti ìdádúró ọdún méjì ni ẹnì kan tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹ̀dà fún ìpamọ́. Bébà táípì pàápàá ṣòro rí. Obadiah kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921.