Síìdì géèmù àtijọ́ yín kọ̀ láti ṣí? Ẹ má tíì sọ ọ́ nù

Ní ọ̀pọ̀ ilé l'Óṣogbo àti nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ẹ bá tú àpótí wò dáadáa, ẹ ó rí síìdì Mavis Beacon níbẹ̀, pẹ̀lú síìdì géèmù méjì mẹ́ta tí ẹnìkan rà nígbà tí Windows XP ṣì lòde. Mavis Beacon yìí ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wa ní títẹ kọ̀ǹpútà, a sì máa ń kánjú parí ẹ̀kọ́ nítorí géèmù fífi mọ́tò sáré tó wà nínú ẹ̀. (Kò sí olùkọ́ kankan tó ń jẹ́ Mavis Beacon láyé o. Fọ́tò Renée L'Espérance, ọmọ ilẹ̀ Haiti, ni ilé iṣẹ́ Software Toolworks lò sára páálí rẹ̀ lọ́dún 1987.) Ní báyìí, tí ẹ bá ki síìdì náà bọ kọ̀ǹpútà tuntun, ó lè kọ̀ kó má ṣí. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe á ní ó ti kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò kú rárá. Ẹ̀rọ ló ti yí èdè padà.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Orí MS-DOS ni ọ̀pọ̀ géèmù tó jáde ṣáájú ọdún 1995 ti ń ṣiṣẹ́, bíi Prince of Persia, àti Doom tó jáde lóṣù Kejìlá 1993. Àwọn ètò DOS àti ti Windows 3.1, èdè 16-bit ló pọ̀ nínú wọn. Windows 95 ló sọ 32-bit di ti gbogbo èèyàn. Windows tó wà lóde báyìí, 64-bit ni. Ó ń gbọ́ 32-bit, àmọ́ kò gbọ́ 16-bit rárá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn páálí: ọdún wo ni géèmù náà jáde, Windows wo ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá jẹ: àwọn géèmù kan tó jáde láàárín 1995 sí 2000 jẹ́ 32-bit, ṣùgbọ́n fáìlì setup wọn jẹ́ 16-bit. Géèmù ò ní wàhálà, ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé ni kò ṣí.

Tó bá jẹ́ ti DOS, DOSBox ni kẹ́ ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti ọdún 2002. Ńṣe ló máa ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà àtijọ́ nínú tuntun. Ẹ ṣí fódà kan sórí C, ẹ pè é ní GAMES, kí ẹ kó fódà géèmù náà sínú ẹ̀. Ká ní PRINCE lorúkọ fódà géèmù yẹn. Ẹ ṣí DOSBox, ẹ kọ mount c c:\games, ẹ tẹ Enter. Ẹ kọ c: kí ẹ tún tẹ Enter. Ẹ kọ cd prince, Enter, lẹ́yìn náà ẹ kọ orúkọ fáìlì tí wọ́n fi .exe parí. Tí géèmù bá ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ẹ di Ctrl mú kí ẹ máa tẹ F11 títí tó fi máa rọlẹ̀. F12 ni ti kó yára. Tí máòsì bá há sínú ẹ̀, Ctrl àti F10 ló ń tú u sílẹ̀.

Ti ìgbà Windows 98 àti XP rọrùn jù. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì géèmù náà, ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà Compatibility, kí ẹ mú Windows XP tàbí 98. Mavis Beacon tó jáde lẹ́yìn ọdún 2000 wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Tí láptọ́ọ̀pù yín ò bá níbi tí wọ́n ń ki síìdì sí, ẹ ní kí ẹni tó ní in bá yín sọ síìdì náà di fáìlì ISO sórí fláàṣì. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Windows 10 àti 11 á ṣí i bíi síìdì.

Pinball tó wà nínú XP ńkọ́? Microsoft yọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe Windows Vista. Raymond Chen, tó jẹ́ ẹnjiníà wọn, ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n gbé e sí 64-bit, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú nǹkan kọjá bí iwin, wọn ò sì rí ibi tí àléébù náà wà. Èyí tó wà nínú XP ṣì ń ṣiṣẹ́ tí ẹ bá kó fódà Pinball náà lódindi.

Àwọn síìdì ojúlówó kan wà tó le ju ìyẹn lọ. SafeDisc ni wọ́n fi tì wọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ayédèrú wọn, Windows 10 ò sì gba SafeDisc mọ́ láti ọdún 2015, torí ó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó rówó ra síìdì gidi ló wá jìyà. GOG máa ń ta irú géèmù bẹ́ẹ̀ láìsí àgádágodo. Tẹ́nìkan bá ní kí ẹ wá crack lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pa antivirus kẹ́ ẹ tó fi sí i, ẹ dá a dúró. Láptọ́ọ̀pù yẹn náà lẹ fi ń ṣí àkáǹtì báńkì yín. Bákan náà, ẹ má so kọ̀ǹpútà XP mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù Kẹrin 2014 ni Microsoft ti dá a dá ara ẹ̀.

Windows 10 náà ti dàgbà, wọ́n ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ò sì lè gba Windows 11. Ẹ lè fi Linux sí irú ẹ̀. DOSBox ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Wine sì ń ṣí ọ̀pọ̀ géèmù Windows.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn géèmù wa. Ọdún 2012 ni Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, wọ́n ṣe Okada Ride àti Mosquito Smasher: ọ̀kadà àti ẹ̀fọn, nǹkan tó ń bá wa fínra lójoojúmọ́. Inú bùráwúsà la ti ń gbá wọn, kò sí síìdì kankan téèyàn lè fi sínú àpótí. Adobe Flash ló gbé púpọ̀ nínú géèmù bùráwúsà ró nígbà yẹn, Adobe sì pa á tì ní ìparí ọdún 2020. Ruffle, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣí fáìlì Flash tí wọ́n fi .swf parí, àmọ́ fáìlì náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá wà nílé yín tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá .swf nínú ẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì méjì, kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó máa bá yín fọ́rmáàtì ẹ̀.